Ìbejì, Ẹyẹ àti Ẹdun

Bí ìbejì bá kú ní kékeré láàárín àwọn Nuer, àwọn darandaran tó ń gbé àbàtà etí odò Náílì ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gúúsù Sùdáànì lónìí, wọn kì í gbẹ́lẹ̀ sin ín. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òkú ọmọ náà sí, wọ́n á sì gbé e há àárín ẹ̀ka igi. Wọ́n ní ẹyẹ ni ìbejì, ẹyẹ kì í sì í sùn nínú ilẹ̀. Ìbejì tó bá yè, tó dàgbà, kì í jẹ ẹran ẹyẹ, kì í sì í fẹnu kan ẹyin. E. E. Evans-Pritchard, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sọ́dọ̀ wọn láàárín 1930 sí 1936, ló kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ Nuer Religion tó jáde ní 1956. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń bá ọ̀rọ̀ náà jìjàkadì: báwo ni ènìyàn tí orí rẹ̀ pé ṣe lè wo ọmọ ènìyàn, kí ó ní ẹyẹ ni?

Èmi gbọ́ ọ yé kíá. Lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n bí mi, a kò sì jẹ́ kí ẹran ọ̀bọ kan ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì rí. Bí àlejò bá gbé ẹran ìgbẹ́ wá kí wa, ìyá wa á kọ́kọ́ bèèrè irú ẹran tí í ṣe kí ó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹdun ni àwọn ọmọ òun, kò sì yẹ kí ẹdun jẹ ẹran ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ oríkì ìbejì mọ̀ pé wọn kì í kì wọ́n tán kí wọ́n má dárúkọ ẹdun, ọ̀bọ dúdú onírun funfun tó ń ti orí igi dé orí igi, tí àwọn àgbà sọ pé méjì-méjì ló ń bí. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú ilé wa tó ń wá ìrù lára àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ilé-ìwé ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń jẹgba bíi tiwa.

Ẹyẹ lọ́hùn-ún, ẹdun níhìn-ín. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní anthropology ni pé kí ó tẹ́ irú nǹkan méjì bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wò ó kò dára, ó sì yẹ kí àwa tí wọ́n wò mọ bó ṣe rí.

Ní 1871, Edward Burnett Tylor tẹ ìwé Primitive Culture jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbà pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ìran ènìyàn ń tọ̀, pé àwọn kan ti rìn jìnnà, àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ronú láyé àtijọ́, kí ó lọ wo àwọn tó wà lẹ́yìn. James Frazer tẹ̀ lé e. The Golden Bough rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ méjì ní 1890. Nígbà tó fi di 1915, ìdìpọ̀ 12 ló ti dà. Frazer kò lọ gbé láàárín ìkankan nínú àwọn ènìyàn tó kọ̀wé nípa wọn. Ó jókòó sí Cambridge, ó ń ka ìwé àwọn míṣọ́nnárì, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn aṣojú ìjọba, ó ń yọ àṣà kan ní Áfíríkà, òmíràn ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, òmíràn nínú ìtàn Gíríìsì àtijọ́, ó ń kó wọn jọ sábẹ́ orí-ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ aláápọn ni, n kò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé kò sí àṣà kan níbẹ̀ tó ní ilé. Kò sí ìyá tó ń bèèrè irú ẹran tí àlejò gbé wá, kò sí ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Èèwọ̀ nìkan ló kù, tí wọ́n ti fà tu bí egbòogi gbígbẹ lórí àtẹ, wọ́n sì ti pinnu kí wọ́n tó rí i pé àṣìrò àwọn tí kò tíì lajú ni.

Franz Boas ni ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tó lágbára dá wọn dúró. Ọmọ Jámánì ni, ẹ̀kọ́ físíìsì ló kọ́kọ́ kọ́. Ní 1883 ó lọ sí erékùṣù Baffin nínú yìnyín àríwá Kánádà, ó gbé láàárín àwọn Inuit, ìgbésí ayé rẹ̀ sì yí padà. Ní 1896 ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Science lórí ibi tí agbára ìfiwéra mọ. Àpẹẹrẹ tó mú wá ni ti ìbòjú. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ń bo ojú ṣe ayẹyẹ, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bò ó kí iwin má bàa dá wọn mọ̀, àwọn kan ń bò ó kí wọ́n lè di iwin náà fúnra rẹ̀, àwọn kan fi ń rántí òkú wọn, àwọn mìíràn eré lásán ni wọ́n fi ń ṣe. Ojú kan náà, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí eégún ilé rẹ̀ ń kọjá, tó ti kúnlẹ̀ gba àdúrà lẹ́nu baba rẹ̀ tó ti kú, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí Boas ń sọ. Bí ẹnì kan bá kó eégún yẹn mọ́ ìbòjú àwọn oníjó ní ààfin ọba Yúróòpù kan, tó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, kò tíì rí nǹkan kan.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn Nuer. Evans-Pritchard bèèrè, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn Nuer kò sọ fún un pé ìbejì ní ìyẹ́ tàbí pé ó ní àgógó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ Ọlọ́run ni ìbejì, nítorí pé bíbí wọn kò rí bí bíbí àwọn yòókù. Ọmọ Ọlọ́run sì ni ẹyẹ, nítorí pé òun ló ń fò lọ sókè níbi tí Ọlọ́run wà. Ẹyẹ pẹ̀lú sì ń pa ju ẹyọ ọmọ kan lọ. Nítorí náà, Ọlọ́run ló so ìbejì pọ̀ mọ́ ẹyẹ, ìrísí kọ́. Orúkọ tí wọ́n máa ń fún ìbejì sì ṣeé ronú lé: ẹtù àti àparò wà nínú wọn. Claude Lévi-Strauss, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ló fa kókó yìí yọ nínú ìwé kan tó kọ ní 1962. Kí ló dé tí kì í ṣe àṣá, tí kì í ṣe igún tó ń fò kọjá àwọsánmà? Ó ní ìdí rẹ̀ ni pé ẹtù àti àparò jẹ́ ẹyẹ tó ní ìyẹ́ ṣùgbọ́n tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀, bí ìbejì náà ṣe jẹ́ ẹni òkè tó ń gbé láàárín ọmọ aráyé.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ohun tí n kò bi ìyá mi rí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹdun, tí kì í ṣe ọ̀bọ mìíràn, tí kì í ṣe ewúrẹ́ tí òun náà ń bí méjì? Ewúrẹ́ wà nínú ilé, ó ti di tiwa. Ẹdun kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọwọ́, ó ní ojú tó jọ tènìyàn, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà bí abiyamọ, síbẹ̀ òkè igi tí a kò lè dé ló ń gbé. Ó jọ wá, ó sì jìnnà sí wa. Èrò tèmi nìyí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu babaláwo kankan. Ṣùgbọ́n n kò bá má rò ó láé bí kì í bá ṣe ti àwọn darandaran etí Náílì tí n kò fojú rí. Ohun tí mo rí pé ìfiwéra dára fún nìyí: àṣà ẹlòmíràn a bi àṣà tìrẹ ní ìbéèrè tí ará ilé rẹ kò ní bi í.

Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, Victor Turner ló là á jù lójú tèmi. Ó gbé láàárín àwọn Ndembu ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Zambia ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1950, ó sì kọ̀wé nípa ètùtù tí wọ́n ń ṣe fún ìbejì nínú The Ritual Process ní 1969. Ó ní níbikíbi tí ipò ọmọ nínú ẹbí bá ti jẹ́ nípa ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí, ìbejì á dá wàhálà sílẹ̀: ènìyàn méjì ti ara, àyè kan ṣoṣo nínú ẹbí. Gbogbo àwùjọ tí ìbejì bá dé ọ̀dọ̀ wọn ní láti dáhùn. Àwọn Nuer ní ènìyàn kan ni wọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́lá ní ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú jáde ló ni oyè baba rẹ̀. Àwa ní tiwa gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde, ìránṣẹ́ ni, pé ẹ̀gbọ́n ló ní kí ó lọ tọ́ ayé wò, àti pé ẹni tó kẹ́yìn dé ló jù. Títí di òní yìí, ẹ̀gbọ́n mi Táíwò, tó ti ní ọmọ-ọmọ, kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí bí Kẹ́hìndé bá wà níjòókòó.

Ìdáhùn tó le jù ni ti àwọn tó ní kí ọ̀kan má yè, tàbí kí méjèèjì má yè. Ìwé tí a kà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ wa nípa Mary Slessor, obìnrin ará Scotland tó dé Calabar ní 1876, tó ń gba ìbejì sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú títí ó fi kú ní 1915. Ìgbàgbọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀mí burúkú ló ni ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń lé ìyá wọn jáde nílùú. A ka ìtàn náà, a ṣe háà, a sì dúpẹ́ pé Yorùbá ni wá, àwa tí ìbejì jẹ́ òrìṣà lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Oǹdó, ẹ bèèrè ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú náà dó. Púpùpú, obìnrin tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, ìbejì ni. Àwọn kan ní ọmọ Odùduwà, àwọn kan ní ọmọ Aláàfin, ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn náà kò yẹ̀ lórí rẹ̀ ni pé èèwọ̀ ni bíbí méjì jẹ́ láàfin nígbà náà, àti pé ìdí tí wọ́n fi mú un kúrò nílé baba rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn tiwa nìyí, láti ẹnu àwa fúnra wa. Ìlú kan gbáà wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé nítorí ìbejì tí wọn kò fẹ́ ló ṣe wà. Ìgbà tó fi máa di 1830, nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ń la ilẹ̀ wa kọjá, wọ́n rí àwọn obìnrin tó gbé ère ọmọdé kiri nítorí ọmọ tó kú, irú èyí tí a ń gbẹ́ fún ìbejì tó bá kú. Àárín ẹ̀rù àti ìfẹ́ yẹn, ohun kan ti yí padà. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Patrick Nylander ka ìbímọ ní Ìgbó-Ọrà àti agbègbè rẹ̀, ó sì rí i pé ìbejì ju 40 lọ nínú 1000 ìbímọ. Ní Yúróòpù nígbà náà, wọn kò tó 15. Báwo ni àwùjọ kan ṣe máa pẹ́ tó lórí ìbẹ̀rù ohun tó wà ní gbogbo agbo ilé?

Ní 1973, Gary Granzberg gbé àkọsílẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ àwùjọ yẹ̀wò láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń pa ìbejì. Ó rí i pé àṣà náà wọ́pọ̀ jù níbi tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyá, tí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì kéré, tí kò fi lè tọ́ ọmọ méjì pọ̀. Mo gbà á dé ibì kan. Ṣùgbọ́n ìlú òwò ni Calabar, agbo ilé ńlá-ńlá ló wà níbẹ̀, ọwọ́ kò wọ́n fún wọn. Ebi àti àárẹ̀ ìyá lè bẹ̀rẹ̀ àṣà, kí àṣà náà sì máa lọ lẹ́yìn tí ebi ti tán.

Ẹnì kan lè ní bí a bá ti gbìyànjú láti mọ ìdí àṣà kan, a ti gbè é lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ anthropology fúnra wọn ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní 1947, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń múra ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ anthropology ti Amẹ́ríkà kọ ìwé sí wọn, Melville Herskovits ló sì kọ ọ́ jù. Wọ́n ń ṣiyèméjì bóyá ìkéde kan lè wà fún gbogbo ayé láì jẹ́ pé ìwọ̀n Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi wọn àwọn yòókù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, ìran ènìyàn bíi tèmi sì ni wọ́n ń gbèjà. Síbẹ̀, ọmọ ìbejì tí wọ́n fi sínú ìkòkò jù sínú igbó Calabar kò ní ẹnì kankan nínú ìwé náà tó gbèjà rẹ̀. Ó di 1999 kí ẹgbẹ́ yìí kan náà tó ṣe ìkéde tó gbárùkù ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní tèmi, ẹ̀gbẹ́ ọmọ yẹn ni mo wà, mo sì fẹ́ mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń rò. N kò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ lé ìkejì lọ.

Ìfiwéra tún ní ìṣòro mìíràn. Nígbà tí Tylor ka iṣẹ́ kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1889, ó ti kó àṣà ìgbéyàwó àwọn ènìyàn tó tó 350 jọ, ó ń ṣírò èyí tó máa ń bá èkejì rìn. Francis Galton dìde nínú ìpàdé náà, ó bi í ní ìbéèrè tí wọn kò tíì dáhùn tán títí di òní: báwo lo ṣe mọ̀ pé wọn kò rí i kọ́ lára ara wọn? Bí àwùjọ mẹ́wàá bá ní àṣà kan náà nítorí pé ibì kan ni wọ́n ti ṣẹ̀, ẹ̀rí kan ni, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ìbéèrè Galton kàn mí gan-an, nítorí Ìdòwú ni èmi. Èṣù lẹ́yìn ìbejì, bí gbogbo ẹni tó bá bínú sí mi ṣe máa ń sọ. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé olóríkunkun ni wọ́n ka Ìdòwú sí, àti pé ìyá ìbejì tí kò bá bí Ìdòwú, wọ́n ń bẹ̀rù pé orí rẹ̀ lè dàrú. N kò bá ẹnikẹ́ni pín oyún, síbẹ̀ mo ní orúkọ, mo ní ìwà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè mí. Èmi nìkan kọ́. Àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Benin ní Dosu fún ọmọkùnrin tó bá tẹ̀ lé ìbejì. Ní Haiti, ọmọ náà ni Dosou, wọ́n sì ka agbára rẹ̀ sí ju ti ìbejì gan-an lọ. Ní Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti so ìbejì mọ́ àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião ti ìjọ Àgùdà, wọ́n máa ń gbẹ́ ère kékeré kẹta sáàárín àwọn méjèèjì, Doúm ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, wọ́n á se ọbẹ̀ ilá elépo pupa tí edé wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì bọ́ ọmọdé méje kí àgbà kankan tó jẹ. Lójú Galton, Fọ̀n, Yorùbá, Haiti àti Bahia kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Aládùúgbò ni àwọn méjì. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé méjì tó kù kọjá òkun. Òótọ́ ni, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú òótọ́ yẹn: àwọn tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n gba èdè lọ́wọ́ wọn, wọ́n rántí pé ọmọ tó bá dé lẹ́yìn ìbejì kò gbọdọ̀ wà láìní àyè. Ẹni tó ń ka ẹ̀rí lè kà á sí ẹyọ kan. Èmi kò lè fojú kéré rẹ̀.

Ẹyẹ àwọn Nuer kò sí nínú èyí. Kò sí ọkọ̀ tó gbé e wá bá ẹdun wa. Bí àwọn méjì tí wọn kò mọ ara wọn bá gba orí igi lọ láti wá ìbátan fún ìbejì, ohun kan wà nínú ìbejì fúnra rẹ̀ tó ń rán ènìyàn lọ síbẹ̀.

Galton yìí kan náà, ní 1875, ṣáájú kí ó tó bi Tylor ní ìbéèrè, ti kọ̀wé nípa ìbejì. Ó fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì àti ìbátan wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ mọ èyí tó lágbára jù nínú ohun tí a bí mọ́ ènìyàn àti ohun tí a fi tọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ohun tí àwọn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ìbejì ṣe ni òṣùwọ̀n: kí a wọn ọ̀kan, kí a wọn èkejì, kí a lè mọ nípa àwa yòókù. N kò rí ẹni tó tẹ́ àṣà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ àti ẹdun, ó sì yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀. Ìbejì tó kù ní Ìlá-Ọ̀ràngún, nígbà tí Stephen Sprague lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán níbẹ̀, tó kọ̀wé rẹ̀ ní 1978, wọ́n máa ń ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí èyí tó ti kú lè jókòó ti èyí tó yè. Àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, láti fi ọ̀kan ṣe méjì. Òṣùwọ̀n ti Galton, láti fi méjì mọ̀ nípa gbogbo ènìyàn. Àwọn méjèèjì ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí Turner là kalẹ̀.

Ìlú kan wà ní Ohio tó ń jẹ́ Twinsburg. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀ ní ọdọọdún, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbejì ń wọ aṣọ kan náà wá, tí àwọn olùwádìí sì ń pàgọ́ sí ibẹ̀ láti gba itọ́ ẹnu wọn, láti ya ojú wọn, láti bi wọ́n léèrè nípa àìsàn. Mo fẹ́ kí ọmọ Ìgbó-Ọrà kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, bí Evans-Pritchard ṣe jókòó, kí ọmọ Nuer kan bá a lọ. Kí wọ́n bèèrè èwo ni ẹ̀gbọ́n, àti ta ló pinnu. Kí wọ́n bèèrè ẹranko tí wọn kì í jẹ. Kí wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọdún tí ọ̀kan bá dá nìkan wá. Kí wọ́n sì wá ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé wọn rí, níbi yòówù tó bá dúró sí nígbà tí wọ́n ń gba itọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n ń pè é.